Aáyù àti Jẹjẹrẹ Àpòlúkù: Ẹ̀rí Wo Ni A Ní?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn àwọn baba wa. Ọ̀rọ̀ ohun tí a ń jẹ ni, àti ohun tí ń pa wá. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo ní àkókò yìí yóò gbọ́ ohùn olóògùn tí yóò dìde lẹ́yìn àdúrà ìrìnàjò, tí yóò fi ìgò kan han àwọn èrò, tí yóò sì wí pé aáyù ni ó wà nínú rẹ̀. Pé àwọn òyìnbó fúnra wọn ti fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé aáyù a máa pa jẹjẹrẹ inú. Àti pé ẹni tí ó bá mu ìgò mẹ́ta kò tún ní ohun tí í mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti orí fóònù kan dé òmíràn, tí àwọn ọmọ wa tí ó kàwé sì ń gbà á gbọ́ ju àwọn tí kò kàwé lọ.

Bí ó bá jẹ́ irọ́ gbuu ni olóògùn náà ń pa, èmi kì bá tí fi àyè ìwé ìròyìn yìí ṣòfò lé e lórí, nítorí irọ́ gbuu kì í pẹ́ kí ó tó tú fúnra rẹ̀. Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn amòye ti rí i pé àwọn èròjà kan tí ń bẹ nínú aáyù a máa dí ìdàgbàsókè jẹjẹrẹ àpòlúkù lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ibi tí wọ́n ti rí i, bí wọ́n ti rí i, àti ohun tí wọ́n wá tí wọn kò rí, gbogbo èyí ni olóògùn gé kúrò kí ó tó gbé ìyókù wọ inú ọkọ̀. Èrò tèmi ni pé ohun mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn: ohun tí ń dá jẹjẹrẹ dúró nínú àwo dígí, ohun tí ń dín iye àwọn tí àrùn náà ń mú kù ní àgbègbè kan, àti ohun tí ń wo ẹni tí ó ti mú sàn. Ti èkíní ti fi ìdí múlẹ̀ fún aáyù. Iyèméjì ṣì wà nínú ti èkejì. Ti ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni kò tí ì fi hàn wá. Àrùn náà kì í sì í ṣe àrùn tí a lè fi ojú kékeré wò. A ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2022 nìkan, ó lé ní 968,000 ènìyàn ní gbogbo ayé tí jẹjẹrẹ àpòlúkù ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ó sì pa nǹkan bí 660,000.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ aáyù fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa nípilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn oníṣòwò Hausa ni ń gbé e wá fún wa láti òkè ọya, níbi tí a ti ń gbìn ín ní ìhà Sókótó àti Kánò. Ní ayé òde òní ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ Ṣáínà ni a ti ń gbin èyí tí ó pọ̀ jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Ó ti pẹ́ tí ó ti wọ inú àgbo àti àsèjẹ wa, tí a kò fi ka á sí àlejò mọ́. Ó sì wà lára àwọn ohun tí ọkàn àwọn ọmọ Ísírẹ́lì fà sí ní aginjù, gẹ́gẹ́ bí ìwé Númérì ti sọ, nígbà tí mánà sú wọn. Ohun tí ó jẹ́ ìyanu nínú rẹ̀ ni pé aáyù tí a kò gé, tí a kò sì gún, kò ní òórùn púpọ̀. Èròjà kan tí a ń pè ní alliin wà nínú rẹ̀, òmíràn tí a ń pè ní alliinase sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì ń gbé bí ọkọ àti aya tí ìjà ti yà nípá. Bí a bá ti lọ aáyù lórí ọlọ, tàbí tí a fi eyín rún un, ògiri tí ó wà láàárín wọn wó, wọ́n pàdé, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ wọ́n sì bí ọmọ kan tí ń jẹ́ allicin. Allicin yìí ni ó ni òórùn líle tí gbogbo wa mọ̀. Chester Cavallito àti John Hays Bailey ni wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1944. Ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn. Láìpẹ́ ó ti yí padà di àwọn èròjà mìíràn bí diallyl disulfide àti diallyl trisulfide, tí imí-ọjọ́ wà nínú gbogbo wọn. Ìwọ̀nyí ni àwọn amòye ń dà lé jẹjẹrẹ lórí.

Báwo ni wọ́n ti ń ṣe é? Àìmọye ohun kéékèèké tí ojú kò lè rí, tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, ni a fi kọ́ ara ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi àìmọye agbo ilé kọ́ ìlú. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan a máa pín sí méjì nígbà tí ara bá nílò rẹ̀, a sì máa kú ní ìrọ̀rùn nígbà tí ó bá gbó tàbí tí ó bá bàjẹ́, kí òmíràn lè rọ́pò rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni èyí tí kò gba àṣẹ ìlú mọ́. Kò dúró kí a tó pè é, ó ń pín, ó ń bí sí i. A ní kí ó kú, ó kọ̀. Níkẹyìn a wó odi ọmọnìkejì rẹ̀, a sì ran àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, sí ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn olùwádìí a máa yọ irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kúrò lára aláìsàn, wọn a sì máa sìn ín nínú àwo dígí pẹ̀lú omi oúnjẹ àti ooru tí ó bá a mu. Nígbà tí wọ́n bá kán èròjà aáyù sínú àwo náà, ohun méjì ni wọ́n máa ń rí. Èkíní, kí sẹ́ẹ̀lì tó pín sí méjì, ẹnubodè kan wà tí ó gbọ́dọ̀ gbà kọjá, níbi tí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti da gbogbo ogún rẹ̀ kọ láìsí àṣìṣe. Èròjà aáyù a máa ti ẹnubodè yìí pa, sẹ́ẹ̀lì náà a sì dúró gbagidi síbẹ̀, kò lè pín, kò sì lè padà. Èkejì, àṣẹ àtiku tí sẹ́ẹ̀lì náà ti kọ etí dídi sí láti ọjọ́ pípẹ́, a tún padà wá í bá a: àwọn èròjà inú rẹ̀ tí a ń pè ní caspase a jí, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ láti inú wá. Àwọn olùwádìí ilẹ̀ Ṣáínà ti tẹ irú àbájáde báyìí jáde lọ́pọ̀ ìgbà lórí diallyl disulfide àti lórí allicin. Iṣẹ́ gidi ni. Kò yẹ kí a fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní òye yóò béèrè ìbéèrè méjì kí ó tó ná owó rẹ̀ lórí ìgò.

Ìbéèrè èkíní ni ti ìwọ̀n. Nínú àwo dígí, èròjà náà dúró lé sẹ́ẹ̀lì lórí fún ọjọ́ kan tàbí méjì láìsí ohun tí ń fọ̀ ọ́ dànù, láìsí ẹ̀dọ̀ tí ń tú u palẹ̀, láìsí ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé e lọ. Ọtí líle, omi gbígbóná àti ọṣẹ dúdú a máa pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo dígí pẹ̀lú, síbẹ̀ a kò tí ì rí ẹni tí ó ní kí a gbé ọṣẹ mì. Nígbà tí a fún àwọn ènìyàn ní 25 giramu aáyù tútù jẹ, èyí tí ó tó ọmọ aáyù márùn-ún tàbí mẹ́fà, tí a sì wá allicin kiri nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, a kò rí i rárá. Èmi mọ̀ pé ẹnìkan yóò dá mi lóhùn pé àpòlúkù ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, òun ni ó sì ń kọ́kọ́ gba aáyù lálejò kí ó tó di ẹ̀jẹ̀. Èsì náà dára, ó sì wà lára ìdí tí àwọn amòye fi yan àpòlúkù láti wádìí. Ṣùgbọ́n àlejò tí kò ju wákàtí díẹ̀ lọ ni aáyù nínú àpòlúkù, jẹjẹrẹ tí a sì ń bẹ̀rù kì í dúró sí ojú awọ. Ó ti wọ inú ògiri lọ, níbi tí oúnjẹ kò ti lè kàn án.

Ìbéèrè èkejì jinlẹ̀ ju ti èkíní lọ, àwọn tí ń polówó kò sì gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ta ni ó ni sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú àwo dígí náà? Ẹ̀yin ará mi, nígbà tí a dá ọ̀nà sílẹ̀ láti yẹ ogún inú sẹ́ẹ̀lì wò kí a lè mọ ẹni tí ó ti wá, a rí i pé díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí gbogbo ayé ń pè ní jẹjẹrẹ àpòlúkù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí a sọ ní BGC-823 àti SGC-7901, tí a ti lò fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní Ṣáínà, sẹ́ẹ̀lì HeLa ni wọ́n. MGC-803 pẹ̀lú, HeLa ti dà á rú. HeLa sì ti ọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wá. Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ni jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ pa ní Baltimore ní ọdún 1951. A ti mú díẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ni sẹ́ẹ̀lì ènìyàn àkọ́kọ́ tí kò kú mọ́ nínú ìgò, tí wọ́n sì ń pọ̀ sí i títí di òní. Agbára wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan ṣoṣo bá ta sí inú ìgò ẹlòmíràn, láìpẹ́ òun ni yóò jọba níbẹ̀, tí yóò sì lé onílé jáde. Ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, tọkàntọkàn ni àwọn ènìyàn fi ń kọ àpòlúkù sí ara ìgò tí ó jẹ́ pé ilé-ọmọ ìyá wa yìí ni ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2023, ìyẹn ọdún méjìléláàádọ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni ẹbí rẹ̀ tó bá ilé-iṣẹ́ kan tí ó ti jèrè lára sẹ́ẹ̀lì náà yanjú ẹjọ́. Èmi kò lè ronú lórí ọ̀rọ̀ náà láìmí kanlẹ̀. Kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ni ó rí bẹ́ẹ̀ o. Èyí tí a ń pè ní AGS, láti inú àpòlúkù ni ó ti wá ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ìwé ìwádìí aáyù lé yín lọ́wọ́, ẹ béèrè orúkọ sẹ́ẹ̀lì náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá kúrò nínú àwo dígí lọ sí oko àti ilé. Ní ẹkùn Shandong ní ilẹ̀ Ṣáínà, àgbègbè méjì wà tí wọ́n jẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ aáyù yìí bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan ni Cangshan, tí a ń pè ní Lanling láti ọdún 2014, ibi tí aáyù ti jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ a sì máa jẹ tó 20 giramu lójoojúmọ́. Èkejì ni Qixia, níbi tí a kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́. Nínú 100,000 ènìyàn lọ́dún, jẹjẹrẹ àpòlúkù pa bí mẹ́ta sí mẹ́rin ní Cangshan, ó sì pa 40 ní Qixia. Ní ọdún 1989 a tún tẹ ìwádìí mìíràn jáde láti àgbègbè Linqu ní ẹkùn kan náà, níbi tí àrùn yìí ti ń jà gidigidi: a fi ọ̀rọ̀ wá aláìsàn 564 lẹ́nu wò, àti 1,131 tí ara wọn le, nípa bí wọ́n ti ń jẹ aáyù, àlùbọ́sà àti àwọn ìbátan wọn, a sì rí i pé ewu tí ó wà fún àwọn tí ń jẹ ẹ́ jù lọ kò tó ìdajì ti àwọn tí ń jẹ ẹ́ kéré jù lọ. Èyí ni olóògùn inú ọkọ̀ ń pè ní ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń jẹ aáyù lè má mu sìgá púpọ̀, ó lè má jẹ oúnjẹ oníyọ̀ púpọ̀, ó lè lówó lọ́wọ́ ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Aláìsàn pẹ̀lú lè ti gbàgbé ohun tí ó ń jẹ kí àìsàn tó dé. Bí a bá ní kí a mọ̀ dájú, a ní láti fún ènìyàn ní aáyù, kí a sì fún ẹlòmíràn ní ohun tí ó jọ ọ́ tí kì í ṣe òun, kí a máa wò.

Ohun tí a sì ṣe ní Linqu gan-an nìyẹn, mo sì gbà pé ó wà lára iṣẹ́ tí ó ní sùúrù jù lọ ní ayé ìṣègùn. Ní ọdún 1995, ní abúlé mẹ́tàlá, a mú ènìyàn 3,365 tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti ọdún márùndínlógójì dé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. A fi ìbò pín wọn. A fún àwọn kan ní oògùn tí ń pa kòkòrò inú àpòlúkù fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. A fún àwọn kan ní èròjà àti òróró aáyù fún ọdún méje àti oṣù díẹ̀. A fún àwọn kan ní vitamin C àti E pẹ̀lú selenium fún iye ọdún kan náà. A sì fún àwọn ìyókù ní èyí tí ó jọ oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Ní ọdún 2006, nígbà tí a kọ́kọ́ ka àbájáde rẹ̀, aáyù kò ṣe ohunkóhun tí a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí. Wọn kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀lé àwọn ènìyàn náà fún ọdún méjìlélógún ó lé díẹ̀. Nígbà tí a tẹ àbájáde jáde ní ọdún 2019, àwọn tí jẹjẹrẹ àpòlúkù ti mú jẹ́ 151, àwọn tí ó pa sì jẹ́ 94. Àwọn tí ó lo oògùn kòkòrò fún ọ̀sẹ̀ méjì, ewu wọn dín kù sí ìdajì. Àwọn tí ó lo vitamin, ó dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti aáyù, iye àwọn tí àrùn mú dín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dín tó èyí tí a lè yà kúrò lára ohun tí ó kàn ṣe kòńgẹ́. Iye àwọn tí ó kú dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìṣirò náà dúró sí etí bèbè gan-an, ibi tí ọlọgbọ́n kì í ti í búra. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, níbi tí a ti tẹ̀lé àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ọkùnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé tí ó jáde ní ọdún 2018 kò rí ìyàtọ̀ láàárín àwọn tí ń jẹ aáyù àti àwọn tí kì í jẹ ẹ́.

Ǹjẹ́ ẹ rí ohun tí ó fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ yìí? Gbogbo ariwo wà lórí aáyù. Oògùn ọ̀sẹ̀ méjì ni ó ṣe iṣẹ́ jù. Kòkòrò tí oògùn náà ń pa ni a ń pè ní Helicobacter pylori. Barry Marshall àti Robin Warren ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ní Perth ní ilẹ̀ Ọsirélíà ní ọdún 1982, tí àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ wọn sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, títí Marshall fi gbé kòkòrò náà mu fúnra rẹ̀ ní ọdún 1984, tí inú rẹ̀ sì wú. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2005. Láti ọdún 1994 ni a ti kọ kòkòrò yìí mọ́ àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ ènìyàn láìsí iyèméjì. Linqu kan náà ni a sì tún padà sí, ní abúlé 980, pẹ̀lú ènìyàn tí ó lé ní 180,000. Àbájáde tí ó jáde ní ọdún 2024 tún fi hàn pé bí a bá lé kòkòrò náà jáde, jẹjẹrẹ àpòlúkù yóò dín kù. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa ará ilẹ̀ yìí ni ń gbé e kiri láti kékeré. Síbẹ̀ jẹjẹrẹ náà kò pọ̀ láàárín wa tó bí ó ti yẹ kí ó pọ̀, ohun tí C. Holcombe pè ní àdììtú Áfíríkà ní ọdún 1992, tí àwọn amòye ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé lórí: àwọn kan ní oúnjẹ wa ni, àwọn kan ní irú kòkòrò náà ni, àwọn mìíràn sì ní a kò kàn yẹ àwọn òkú wa wò tó. Èmi fara mọ́ àwọn ìkẹyìn yìí ju àwọn ìyókù lọ, nítorí mo ti sin ọ̀pọ̀ ẹni tí a kàn sọ pé inú rírun ni ó pa.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò wí. Wọn yóò wí pé àlùfáà yìí tún bẹ̀rẹ̀, pé àwọn tí ó kàwé òyìnbó kì í rí ohun rere nínú egbòogi, pé ẹni tí ó bá tako aáyù tako ogún àwọn baba rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Àgbà oníṣègùn tí mo mọ̀ ní ìgbà èwe mi kì í ta ìgò kan ṣoṣo fún gbogbo ènìyàn. Yóò jókòó ti aláìsàn, yóò béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀, yóò wo ojú rẹ̀, yóò wo ìgbẹ́ rẹ̀, a sì máa wí nígbà mìíràn pé èyí ju agbára òun lọ. Èyí tí a ń tà nínú ọkọ̀ kò jọ ìyẹn. Ohun ọ̀gbìn tí kì í ṣe tiwa, ìwádìí tí a ṣe ní Ṣáínà, ìgò tí a rà ní àtàn, àti òwò tí kò tí ì pé ogójì ọdún. Ahọ́n tí a fi ń polówó rẹ̀ nìkan ni ó jẹ́ ti Yorùbá níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ bu ọlá fún egbòogi ilẹ̀ wa, ohun tí àwọn ará Linqu ṣe ni kí a ṣe: kí a fi ewúro wa, fi orógbó wa, fi egbò wa sábẹ́ irú ìdánwò kan náà, kí a fi ọdún ogún tẹ̀lé e, kí a sì gba ohun tí a bá rí. Àwọn yunifásítì wa ní àwọn ọmọ tí ó lè ṣe é. Owó ni wọn kò ní, àwọn tí ó sì lówó nínú wa ń ra ìgò.

Ọkùnrin kan wà tí mo kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, tí ó di ọ̀gá ilé-ìwé, tí ó sì mọ ìṣirò ju èmi lọ. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún lẹ́yìn oúnjẹ. Òkèlè mẹ́ta péré, ó ti yó; aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi jù ú; ìgbẹ́ rẹ̀ sì dúdú bí èédú. Ẹnìkan fi ìwé ìwádìí aáyù hàn án lórí fóònù, ìwé gidi, pẹ̀lú àwòrán sẹ́ẹ̀lì àti iye ìdá ọgọ́rùn-ún tí ó kú. Ó kà á dáadáa, ó sì gbà á gbọ́, nítorí a ti kọ́ ọ láti máa gba ohun tí a fi nọ́ńbà hàn gbọ́. Oṣù méje ni ó fi mu omi aáyù. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn, tí a fi okùn onígíláàsì wo inú àpòlúkù rẹ̀, àrùn náà ti dé ẹ̀dọ̀. A sin ín ní ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lẹ́yìn náà. Aáyù kọ́ ni ó pa á; oṣù méje náà ni. Èmi kò lè sọ pé bí ó bá ti tètè lọ ni ì bá yè, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ àpòlúkù tí a bá tètè rí kí ó tó wọ inú ògiri lọ, iṣẹ́ abẹ lè gé e kúrò, èyí tí ó ti dé ẹ̀dọ̀ kì í sì í ṣeé gé mọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin ìjòyè wa ní pàtàkì. Ẹ̀yin ni ẹ ni ọlá lórí ọjà àti ibùdókọ̀; àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òfin ìjọba ti wà pé kí àjọ NAFDAC fún oògùn tí a dì tà ní nọ́ńbà. Ẹni tí kò bá ní i, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gun ọkọ̀ ní ibùdó yín. Ẹni tí ó bá ní i pàápàá, kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé kí ènìyàn má lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Kí àwọn ìyálọ́jà sì mọ àwọn àmì tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi aáyù rò lórí: kí ènìyàn máa tètè yó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ó máa rù láìmọ ìdí, kí ó máa bì ẹ̀jẹ̀, kí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú, kí inú máa run ún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìdábọ̀. Bí ó bá sì ní inú rírun tí kò lọ, kí ó béèrè fún àyẹ̀wò kòkòrò Helicobacter. A lè fi èémí tàbí ìgbẹ́ ṣe é. Kí ó má ṣe ra oògùn kòkòrò fúnra rẹ̀ ní ojú títì, nítorí ìlòkulò ti jẹ́ kí kòkòrò yìí gbó lójú àwọn oògùn kan.

Ní ti aáyù fúnra rẹ̀, èmi kò ní kí ẹ jù ú nù. Mo ń jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀ mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn èròjà rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ó gún un, kí ó sì fi í sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó gbé e kaná, nítorí iná a máa pa alliinase kí ó tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Song àti Milner fi èyí hàn ní ọdún 2001. Kí àwọn tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ṣọ́ra fún ọ̀pọ̀ rẹ̀, nítorí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Kí àwọn tí ń lo oògùn àrùn HIV pẹ̀lú kọ́kọ́ sọ fún dókítà wọn, nítorí a ti rí i pé èròjà aáyù dín ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, saquinavir, kù sí bí ìdajì nínú ẹ̀jẹ̀. Mo ti bẹ akọ̀wé ẹgbẹ́ pé kí ó fi ọ̀rọ̀ olóògùn inú ọkọ̀ sínú ìwé ètò ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí a sì pe àwọn olórí awakọ̀ láti wá sọ ti ẹnu wọn.